Ẹnu Géètì La Ó Ti Sanwó

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àjọ̀dún orin wa ni, tíkẹ́ẹ̀tì 112 péré la sì ti tà. Ọkọ̀ tó kó sípíkà ti gbéra ní Ìbàdàn. Àwọn tó ń to sítéèjì ti wà lórí pápá, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, wọ́n ń so irin mọ́ irin. Owó tó ti kúrò lọ́wọ́ wa títí di wákàtí yẹn ti lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni tíkẹ́ẹ̀tì kan, nítorí náà ₦336,000 ni gbogbo ohun tó tíì wọlé. Mo jókòó sórí àpótí wáyà, mo ń pe àwọn tí mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní òun ò ní wá. Inú wọn ń dùn, wọ́n ń bi mí pé ta ló máa kọ́kọ́ kọrin. Bí mo bá wá dé orí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, èsì kan náà ni: "Má mikàn, ẹnu géètì la ó ti sanwó."

Ibi ọ̀rọ̀ yẹn ni àjọ̀dún wa kú sí, kì í ṣe ibi tí àwọn èèyàn rò. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ nílùú pé àwọn ọmọ yẹn ò mọ owó ṣọ́, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ò tíì tó ìlú tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti lè rọ́wọ́ mú. Ó dùn mí, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò wá. Orin dùn. Gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé àti èyí tó jáde la kọ sílẹ̀, ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Inú ìwé yẹn ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìdílé àyàn ni wọ́n bí mi sí. Ìyá ìlù ni bàámi ń lù, bàbá tiwọn náà lù ú kí wọ́n tó bí wọn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ni mo kọ́, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Tákíé tí mo ti ń gba ohùn olórin sílẹ̀. Oríṣiríṣi ọmọ ló ń wá síbẹ̀: ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń kọ orin ìgbàlódé, ọmọ ilé kéwú tó ń kọ fújì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń fi gìtá kọrin, àti ọmọkùnrin kan láti Ìkòyí-Ilé tó ń sun ìjálá lé ìlù tó fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ìlú Ògúndáre Fóyánmu, àgbà tó gbajúmọ̀ nínú ìjálá sísun, nìyí; ọmọdé tó bá ní òun fẹ́ sun ìjálá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹrù àgbà ló gbé rù. Gbogbo wọn á gba orin sílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tán. Kò síbi kan nílùú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dúró sí kí ẹgbẹ̀rún èèyàn gbójú sí i lẹ́nu, àfi tí wọ́n bá ń ṣe òkú bàbá ẹnìkan.

Ìdí tí èmi àti ọ̀rẹ́ méjì fi dáwó jọ ní ọdún 2018 nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tíṣà, èkejì ń ta fóònù ní àdúgbò Under G. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan la gbà. Ìparí oṣù Kẹta la fi sí, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílùú, a ò rò ó pé òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló máa ń bá rìn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni atẹ́gùn fa kánópì méjì tu, ó sì gbé ọ̀kan lọ lu ògiri. Kò sẹ́ni tó farapa, mo dúpẹ́. Àmọ́ onísípíkà ti gba owó ẹ̀, oníkánópì ti gba tiẹ̀, àwọn olórin náà ti gbà, kò sì sí èyí tó máa dá kọ́bọ̀ padà torí pé òjò rọ̀. Ìyá tó ń ta àmàlà, tí òjò bá ba ọjà rẹ̀ jẹ́ lónìí, á tún dáná lọ́la. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni tiwa láàárín ọdún. Ohun tí òjò wákàtí méjì bá gbà lọ lọ́jọ́ náà, oṣù méjìlá la ó fi wá a.

A wá gbé e lọ sí oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, òjò ò sí. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá náà ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbé ìyàwó, tí wọ́n ń ṣílé, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àgbà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Èkó àti Jos á wálé. Àga tí wọ́n ń yá fúnni ní owó pọ́ọ́kú nínú oṣù Kẹsàn-án á gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni kánópì, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Èkó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo olórin tó bá ti lórúkọ díẹ̀, torí ayẹyẹ ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Detty December. A sá fún òjò, a bọ́ sọ́wọ́ ọ̀wọ́n. Kò sí oṣù tó jẹ́ ti àjọ̀dún kékeré nínú kàlẹ́ńdà wa, gbogbo oṣù ló ní ohun tó ń bá a jà.

Síbẹ̀, ọdún 2019 dára. Èèyàn 800 ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ₦1,500. Àwọn ọlọ́jà ọgbọ̀n san ₦3,000 fún àyè: ẹni tó ń ta súyà, ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín, ẹni tó ń ta zóbò. Gbogbo ohun tó wọlé jẹ́ ₦1,290,000, ohun tó jáde jẹ́ ₦1,220,000. Èrè ₦70,000 la rí, a fi gbogbo ẹ̀ ra wáyà àti máìkì. Mo rántí pé èmi àti tíṣà dúró lórí pápá lọ́jọ́ Àìkú, à ń ṣa ọ̀rá omi, à ń sọ pé tó bá ń lọ báyìí, ní ọdún karùn-ún a ó kọ́ sítéèjì tiwa. A ò mọ̀ pé ẹni tó ń jèrè ₦70,000 lórí ohun tó ná mílíọ̀nù kan lé ní igba ẹgbẹ̀rún lé, orí okùn tín-ín-rín ló ń rìn. Tó bá jẹ́ èèyàn 50 péré ni ò wá lọ́jọ́ náà, èrè ò ní tiẹ̀ sí.

Kòrónà gba ọdún 2020. A padà wá ní 2021 pẹ̀lú sípíkà díẹ̀. Ọdún 2022 la bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan ti yí padà, orí dísù ló sì ti kọ́kọ́ hàn. Nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, lítà kan kò tíì tó ₦300. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kejì, nígbà tí Kejìlá fi máa dé, ó ti lé ní ₦800. Iná ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbára lé pẹ̀lú olórin lórí sítéèjì, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ méjì la máa ń lò: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró dè é. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí òun àti dọ́là máa wọ̀yá ìjà lọ́jà. Ẹni tí kì í bá ṣe iṣẹ́ wa lè bi mí pé kí ló kan dọ́là nínú orin Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wo orí sítéèjì dáadáa. Sípíkà, wáyà, iná aláwọ̀ mèremère, máìkì, gìtá, kò sí èyí tí wọ́n ṣe nílé. Pákó tí a tẹ̀ àti ìlù bàámi nìkan ni kò gba ojú òkun kọjá. Ẹni tó ń yá wa ní sípíkà ní Ìbàdàn ń bu owó tó máa fi ra òmíràn lọ́la mọ́ owó tó ń gbà lónìí, kò sì jẹ̀bi. Awakọ̀ tó ń kó o bọ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 100, ó sì ń ka kòtò tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ owó tiẹ̀.

Báyìí ni ₦350,000 tí a fi yá sípíkà, sítéèjì àti iná ní 2019 ṣe di ₦1,100,000 ní 2023. Ohun tó jẹ́ ₦90,000 fún jẹnẹrétọ̀ àti dísù di ₦420,000. Ṣé kí a wá sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ₦5,000 ni? A gbà á rò. Àwọn ọmọ tó ń wá, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni ₦3,000 tí a sọ ọ́ dà. Epo tó gbówó lórí fún wa ló gbówó lórí fún ọkọ̀ tó máa gbé wọn wá láti Sábó àti Àpàkẹ́. Ohun kan náà tó ń lé ìnáwó wa sókè ló ń gbọ́n àpò ẹni tó yẹ kó sanwó. Èèyàn 640 ló sanwó lọ́dún náà.

Bàámi ló là mí lójú sí èyí tó jìn jù. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan kí àjọ̀dún ti 2023 tó wáyé, mo ń ráhùn nípa tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fi ọ̀sán tuntun sí ìlù, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní:

"Ta ni ọlọ́jọ́ níbi tí ẹ̀yin ti ń ṣe yẹn?"

Mo ní, "Bàámi, kò sí ọlọ́jọ́ kankan. Gbogbo èèyàn ló ni ín."

Wọ́n fa ọ̀sán náà le. "Níbi tí kò bá ti sí ọlọ́jọ́, ta ni onílù ń kì?"

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nínú ayé tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, ẹni tó ń gbọ́ orin kọ́ ló ń ra orin. Ọlọ́jọ́ ló ń gbé olórin wá, òun ló ń bọ́ ọ, òun ni onílù ń kì, orí rẹ̀ ń wú, ó ń náwó. Àlejò tó bá wu òun náà á bọ́ síwájú, wọ́n á kì í, á ki ọwọ́ bàpò. Lọ́jọ́ Sátidé kan náà tí à ń ṣe tiwa, òde mẹ́ta ló wà nílùú tí olórin tó ju olórin tiwa lọ ti ń kọrin. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, wọ́n ń fún èèyàn ní abọ́ àti aṣọ ìnura tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi wá ní kí èèyàn mú ₦3,000 wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, láti gbọ́ ọmọ tí kò mọ̀ rí.

Látìgbà náà ni mi ò ti bínú mọ́ sí ẹni tó ní ẹnu géètì lòun ó ti sanwó. Ó ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe lóde ni. Á kọ́kọ́ dé ibẹ̀, á wò bóyá ó dùn, á jó díẹ̀, kó tó fọwọ́ kan àpò. Adùn ló ń ṣáájú owó nínú àṣà wa. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò sì lè dúró de adùn: onísípíkà fẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá kí ọkọ̀ tó gbéra, ọlọ́pàá fẹ́ tiwọn kí wọ́n tó wá, dísù kò ṣe é rà láwìn. Èmi ni mo dúró sáàárín àwọn méjèèjì, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ni mo fi dí àlàfo náà. Èlé ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù, onídùúró méjì ló sì fọwọ́ síwèé fún mi, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àbúrò ìyá mi.

Kí n sọ ti géètì gan-an. Ọmọ méjì ni mo fún ní ìwé kí wọ́n máa fa ìlà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, yálà ó sanwó tàbí kò san. Ìlà wọn lé ní 1,100. Ẹni 640 ló sanwó. Àwọn yòókù ńkọ́? Olórin kan tí a pe òun àti onígìtá méjì wá pẹ̀lú èèyàn mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ilẹ̀ àwọn ni, àwọn ò lè sanwó wọ ilẹ̀ àwọn. Ẹni tó fún wa ní pápá ní ọmọ, àwọn ọmọ náà ní ọ̀rẹ́. Àwọn kan fo ògiri. Àwọn tó le jù fún mi ni àwọn tó fẹ́ràn mi: "Bọ̀dá, ṣé èmi náà á ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?" Ẹ bá mi wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ẹ ní kó mú ₦3,000 wá. Mi ò lè ṣe é. Mo yẹra fún un, mo ní kó wọlé.

Mo kà á pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Woodstock ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969 nìyẹn, ní ìwọ̀n tó pọ̀ ju tiwa lọ. Èrò tó lé ní 400,000 ya bo oko ọlọ́sìn màlúù kan, ọgbà àti géètì ò tíì parí, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Gbèsè tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ló kù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣètò rẹ̀, fíìmù tí wọ́n yà níbẹ̀ ló padà yọ wọ́n. Gbogbo ayé ń ránti orin. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tó dá a sílẹ̀, bí oorun wọn ṣe rí lóru ọjọ́ Ajé.

A ní onígbọ̀wọ́ kan lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta nǹkan mímu, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ san ₦800,000. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé ohun mímu tiwọn nìkan ni kó wà lórí pápá, orúkọ wọn ni kó ṣáájú orúkọ wa, DJ tiwọn ni kó sì gba aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá alẹ́. Ìyẹn ni pé ìyá zóbò ò ní sí, ìyá oní fúrá ò ní sí, ọmọ tó ń sun ìjálá yóò sì kọrin ní aago márùn-ún fún àga òfìfo. A bá wọn dúnàádúrà títí tí wọ́n fi gbà kí ìyá zóbò wà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti dín ìnáwó kù, kí a máà bínú. A ti tẹ orúkọ wọn sórí pọ́sítà. Mo mọ̀ pé náírà tó já wálẹ̀ ló bá àwọn náà, torí ilé iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra ohun èlò ní láti gé nǹkan kan kúrò, orin ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ṣì wà títí dòní. Àwa ni ₦800,000 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí a fẹ́ ná.

Nígbà tí a ṣírò gbogbo ẹ̀ tán lẹ́yìn ọdún náà, ₦2,045,000 ló wọlé, ₦3,260,000 ló jáde. Àdánù ₦1,215,000. Orin dùn lọ́jọ́ náà o. Ọmọ Ìkòyí-Ilé gba aago mẹ́sàn-án tí DJ ì bá gbà, bàámi fi ìyá ìlù tẹ̀ lé e láì jẹ́ pé a ti ṣètò rẹ̀, àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn dìde dúró. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ohùn, omi ń bọ́ lójú mi. Kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìwé ìṣirò.

Fún bí oṣù mẹ́ta, mo gbà pé ẹ̀bi Nàìjíríà ni, ẹ̀bi àṣà òde wa ni. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Manchester nílùú Ọba ló gba èrò yẹn lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn àjọ̀dún kéékèèké tó wà lọ́dọ̀ àwọn náà ń kú ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Mo lọ wá a. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Association of Independent Festivals, wọ́n ń kà wọ́n: 36 ni èyí tó kùnà ní 2023, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, ó ti di 72, láàárín èyí tí wọ́n fagi lé, èyí tí wọ́n sún síwájú àti èyí tó ti kógbá wọlé pátápátá. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí VAT lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ẹgbẹ́ náà sì bẹ ìjọba kí ó gé e sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n lè mí. Ní Ọsirélíà, Splendour in the Grass, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ níbẹ̀, kéde àwọn olórin rẹ̀ ní 2024, ó sì fagi lé gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Groovin the Moo náà fagi lé tiẹ̀ lọ́dún kan náà. Àwọn èèyàn yẹn kò ní òde ọ̀fẹ́ ní gbogbo Sátidé. Iná wọn kì í lọ. Wọ́n ti mọ tíkẹ́ẹ̀tì rírà láti ìgbà ìyá ìyá wọn. Síbẹ̀, ohun tí àbúrò mi sọ fún mi nípa àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́yìn kòrónà ni pé wọ́n ń dúró dìgbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹni tó ń to sítéèjì sì ń fẹ́ owó rẹ̀ ṣáájú.

Ìgbà náà ni mo rí i kedere. Àlàfo tó wà láàárín owó tó ń jáde àti owó tó ń wọlé, oṣù mélòó kan ni ó jẹ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ dí i. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní àjọ̀dún ogójì lè jẹ́ kí ọ̀kan kú lọ́dún yìí, kí ó fi èrè àwọn tó kù sin ín. Splendour in the Grass fagi lé ti ọdún yẹn, àwọn olówó tó ni ín ò sùn síta. Àwa tí a ní ẹyọ kan, tí ẹyọ náà bá ṣubú, orí ilé ẹni ló ń ṣubú lé.

A ṣì gbìyànjú láti ṣe ti 2024. Mo lọ bá olórin fújì kan tó ti bá wa kọrin lẹ́ẹ̀mejì ní ₦150,000. Ó ní ₦500,000 ni báyìí. Mo rò pé ó ti gbàgbé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, ojú tì mí. Ó ní ₦150,000 tí mo ń fún òun tẹ́lẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ òun ni. Ohun tí àwọn èèyàn bá ná fún òun lórí sítéèjì ni owó iṣẹ́ òun. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti ka fífi náírà lé olórin lórí léèwọ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ torí ẹ̀, wọ́n sì rán ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń náwó. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ohun tí àwọn èèyàn ń fún mi tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fún mi báyìí." Òótọ́ ló sọ. Àwọn èèyàn náà ń bá mi san nínú owó olórin láti ọdún wọ̀nyí, mi ò mọ̀, mi ò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

A fagi lé e nínú oṣù Kẹwàá. Tíkẹ́ẹ̀tì 31 la ti tà, a dá owó wọn padà. Ẹni tó ń ta fóònù ní Under G gba ìpín tiẹ̀ nínú gbèsè, kò yarí, mi ò ní gbàgbé. Tíṣà ta ọ̀kadà rẹ̀. Èmi ta sípíkà ńlá méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí a tó fagi lé e, nínú oṣù Kẹjọ, bàámi ní kí n gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́ láti kí àwọn ará wọn tó ń lu bàtá, àsìkò ọdún Ṣàngó sì ni. UNESCO ti kọ ọdún náà sínú ìwé àwọn ogún àṣà ọmọ aráyé ní ìparí 2023, inú gbogbo onílù ń dùn. Mo ti wò ó rí ní kékeré, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ojú oníṣirò ni mo fi ń wò ó. Mo ń wá ẹni tó gbé gbogbo ìnáwó náà rù. Ará ilé kan gbé orógbó wá, ará ilé kejì ń bọ́ àlejò tiwọn, ẹlẹ́gùn ní ìdílé tó ń tọ́jú aṣọ rẹ̀, àwọn onílù ti ilé tiwọn wá pẹ̀lú ìlù tiwọn. Ààfin gba gbogbo wọn sí àgbàlá. Àwọn àlejò pàtàkì àti ìjọba náà ní ìpín tiwọn, mi ò sọ pé wọn ò ní. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ò bá wá, ọdún ò ní torí ẹ̀ má wáyé. Bàámi bi mí ohun tí mo ń kà sórí ìka. Mo ní kò sí.

Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tán ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, a ṣe nǹkan kékeré nínú àgbàlá ilé wa. Kò sí pọ́sítà, kò sí sítéèjì, sípíkà méjì tó kù ní ṣọ́ọ̀bù la lò. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ tó fẹ́ kọrin gbé àga àti oúnjẹ tiwọn wá. Nǹkan bí 130 èèyàn ló wà níbẹ̀. Ọmọ Ìkòyí-Ilé kò lè wá, ó ti lọ sí Èkó, ó ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan. Mo gbọ́ pé kò sun ìjálá mọ́. Ìyẹn ń dùn mí ju ₦1,215,000 lọ, torí owó náà ti san tán.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín, tó ti gba àyè lọ́wọ́ wa láti 2018, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí bóyá Kejìlá máa wà lọ́dún yìí, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀wà sílẹ̀ kó tó wọ́n. Mo ní kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì. Wọ́n tú aṣọ ìdí wọn, wọ́n ka ₦5,000 lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi tọ́jú àyè tiwọn ná.